Ajá mi dúró, mo dé ibẹ̀, ẹyẹ ti lọ: ọ̀rọ̀ fẹ́sáǹtì, ajá atọ́ka àti ìbọn àtijọ́

Ọdẹ_Tuntun

Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ méjì ló gbé mi wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara dà á bó bá gùn.

Bàbá ìyàwó mi fi ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan ta mí lọ́rẹ. Ọwọ́ bàbá tirẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Parker Brothers, ilé iṣẹ́ ìbọn kan ní Amẹ́ríkà, ni orúkọ tó wà lára rẹ̀, géèjì 16 (ìyẹn bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó), ọ̀pá méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nọ́ńbà tí wọ́n fín sí i sì fi hàn pé ọdún 1926 ni wọ́n ṣe é. Kò wúwo rárá. Bí mo bá gbé e sí èjìká, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé ó ti mọ ibi tí mo fẹ́ wò. Òun ni mo fẹ́ fi máa dẹ fẹ́sáǹtì, ẹyẹ igbó bí adìyẹ tí ìrù rẹ̀ gùn, títí ẹsẹ̀ mi kò fi ní lè rìn pápá mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ajá. Brittany ni, irú ajá atọ́ka kan, ìyẹn ajá tó máa ń dúró láti fi ibi tí ẹyẹ wà han ọdẹ. Abo ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì. Tanímọ̀la ni mo ń pè é. Àparò tí a sìn nílé ni a fi kọ́ ọ. Bó bá ti gbóòórùn wọn báyìí, á nàró gan-an-gan, kò ní mira títí màá fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fẹ́sáǹtì inú pápá ti kó ìdààmú bá àwa méjèèjì. Ní Sátidé tó kọjá, ẹ̀ẹ̀meje ló dúró. Nínú ẹ̀ẹ̀meje yẹn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo dé iwájú rẹ̀, tí mo fẹsẹ̀ ta koríko, tí kò sí nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀mejì tó kù, akọ kan fò dìde ní nǹkan bí ọgọ́ta mítà níwájú wa, ó ń ké lọ. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jáde sọ pé ilẹ̀ lásán ni ajá náà ń tọ́ka, pé kí n fi tọrẹ, kí n wá irú ajá tó máa ń wọ inú koríko lọ lé ẹyẹ dìde. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí mo fi délé. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ìyá_Ajá

Má fi ajá rẹ tọ ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, àbúrò. Ajá rẹ kò purọ́.

Ẹyẹ wà níbẹ̀ nígbà tó dúró. Kí o tó dé ni ẹyẹ ti fẹsẹ̀ rìn kúrò. Ibi tí fẹ́sáǹtì ti yàtọ̀ sí àparò tí ẹ fi kọ́ ọ nìyẹn. Àparò tí a sìn, tí a gbé sábẹ́ koríko, yóò jókòó síbẹ̀ dè ọ́. Fẹ́sáǹtì, pàápàá akọ, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Á dorí kodò, á na ọrùn, á gba ìdí koríko lọ bí eku. Ìgbà tí kò bá rí ibi tó máa gbà mọ́ ló tó ń rántí pé òun ní ìyẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí o kọ́ bí a ṣe ń ka ara ajá. Bí ẹyẹ bá wà nítòsí, tó sì jókòó, gbogbo iṣan ara ajá á le, ojú rẹ̀ á ranjú mọ́ ibì kan, á pa ẹnu dé. Bí ẹyẹ bá ti ń yọ́ lọ, wàá rí i pé orí rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀, imú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá afẹ́fẹ́, ìdí rẹ̀ ń mì, ó lè bojú wẹ̀yìn wò ọ́. Ó ń sọ fún ọ pé ẹyẹ ti ṣí nípò. Bí o bá wá fi agídí mú un dúró lójú kan nígbà yẹn, ìyà òtítọ́ tó sọ lo fi ń jẹ ẹ́. Kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí pé "ó yá, tẹ̀lé e." Èmi máa ń sọ pé "wá a lọ." Á rọra tẹ̀ síwájú, á tún dúró, ìwọ náà á tún tẹ̀lé e. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ẹyẹ tó gbà láti jókòó.

Ìwọ náà sì ní iṣẹ́ tìrẹ. Má tọ ẹ̀yìn ajá lọ tààrà, nítorí ńṣe lò ń ti ẹyẹ síwájú. Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, fi ogún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yí po, kí o wá pa dà máa bọ̀ kọjú sí ajá. Ẹyẹ á wá wà láàárín yín. Fẹ́sáǹtì tó bá rí èèyàn níwájú, tó gbọ́ èémí ajá lẹ́yìn, lọ́pọ̀ ìgbà ńṣe ló máa ń lúgọ.

Ẹ̀ẹ̀meje ní ọjọ́ kan fún ajá ọlọ́dún méjì, inú mi dùn sí i. Imú rẹ̀ dáa.

Àgbà_Alágbẹ̀dẹ

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ajá, ẹ̀yin èèyàn mi. Tèmi kò ṣe é fi di ọ̀la.

Ọmọ mi, irú katiríìjì wo lò ń fi sínú Parker yẹn? Ka ohun tó wà lára páálí rẹ̀ fún mi. Kí o tó dáhùn, gbé ìbọn náà kalẹ̀, má yìn ín mọ́.

Ọdẹ_Tuntun

Ìyá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí etí ìyàwó mi, ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ajá náà kò lè máa purọ́.

Bàbá, mo ti gbé e kalẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí páálí ni géèjì 16, 2¾ íǹṣì, ọta áúnsì 1⅛. Ẹni tó tà á fún mi ní géèjì 16 kan kò yàtọ̀ sí òmíràn. Mo ti yin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń ta èjìká mi, mo sì rò pé bí ìbọn àtijọ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Àgbà_Alágbẹ̀dẹ

Mo dúpẹ́ pé ojú àti ọwọ́ rẹ pé. Jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ọ yẹn ti ba ìbọn rere jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Títí di àwọn ọdún 1930, ihò tí katiríìjì ń wọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìbọn géèjì 16 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà kò gùn ju 2 9/16 íǹṣì lọ, ìyẹn mìlímítà 65. Ti òde òní jẹ́ 2¾ íǹṣì, mìlímítà 70. Katiríìjì gígùn yẹn á wọ inú ìbọn rẹ, ìbọn á pa dé láìjanpata, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Gígùn tí wọ́n kọ sí páálí ni gígùn katiríìjì lẹ́yìn tí ó bá ti yìn. Kó tó yìn, ẹnu rẹ̀ ká, nítorí náà ó kúrú. Bó bá yìn, ẹnu náà á là, nínú ihò kúkúrú kò sì ní rí àyè tó, á là wọ ibi tí ọ̀pá ti ń fún lọ. Ọta àti gáàsì á wá máa fún ara wọn kọjá níbẹ̀. Agbára tó ń ti ìbọn lẹ́yìn á pọ̀ ju èyí tí wọ́n ṣe é fún. Bí ọ̀pá bá fara dà á, igi ìdí ìbọn tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún lè má fara dà á. Títa tó ń ta ọ́ yẹn, ìbọn ló ń ké.

Gbọ́ bí géèjì ṣe bẹ̀rẹ̀, ó máa ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí a bá mú òjé tó wọn pọ́ùn kan, tí a pín in sí bọ́ọ̀lù 16 tó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan á bá ẹnu ìbọn géèjì 16 mu rẹ́gí. Ìdá 16 pọ́ùn kan sì ni áúnsì kan, gíráàmù 28. Nítorí náà áúnsì kan ni ẹrù tó bá ìbọn yìí lára mu, èyí tí o rà ti wúwo jù fún un. Àwọn kan ṣì ń ṣe katiríìjì 2½ íǹṣì fún géèjì 16, èyí tí agbára rẹ̀ rọlẹ̀ nítorí ìbọn àtijọ́. Òun ni kí o wá.

Ṣùgbọ́n kí o tó ra ohunkóhun, gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọ ẹlẹ́nu méjì. Kó wọn gígùn ihò méjèèjì. Kó wọn bí ògiri ọ̀pá ṣe nípọn tó láti ìdí dé ẹnu, nítorí ẹnì kan lè ti ha inú rẹ̀ láti yọ ìpẹtà láyé ọjọ́un. Ìwọ fúnra rẹ lè ṣe díẹ̀ nílé. Kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Yọ igi iwájú, di ìdí rẹ̀ mú, mì ín. Bó bá ń ró kọ́kọ́kọ́, ibi tó ti ń ṣí ti jẹ. Pa á dé, gbé e sí iwájú iná, wo àárín ọ̀pá àti irin tí ọ̀pá fara tì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ, má yìn ín. Yọ ọ̀pá méjèèjì kúrò, fi ìka kan gbé wọn kọ́, fi èékánná ta wọ́n. Èyí tí ìjópọ̀ rẹ̀ ṣì le máa ń dún gbọnrangandan bí agogo. Èyí tí nǹkan ti tú lára rẹ̀ á dún bí ìkòkò tó sán.

Wo ara ọ̀pá pẹ̀lú. Bí o bá rí àwòrán tó ń yí bí omi odò lára rẹ̀, Damascus ni, ìyẹn irin oríṣi méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n sì fi iná jó. Èmi kì í fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yin irú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní Ìlú Ọba, òfin ni pé kí wọ́n dán ìbọn wò kí wọ́n tó tà á. Ẹgbẹ́ tó ń dán ìbọn wò wà ní London láti 1637, ilé ìdánwò ti Birmingham láti 1813, wàá sì rí òǹtẹ̀ wọn lára ọ̀pá. Amẹ́ríkà kò ní irú ilé ìdánwò tí òfin gbé kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìbọn rẹ kò ní òǹtẹ̀ tó máa bá ọ sọ̀rọ̀. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ.

Ẹlẹ́sẹ̀_Pápá

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi náà rí igi ìdí ìbọn tó là sí méjì lọ́wọ́ ẹnì kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ti ajá ni mo fẹ́ bá Ìyá_Ajá sọ díẹ̀. Mo gbà gbogbo ohun tí ẹ sọ, àyàfi ti àṣẹ yẹn. Ẹ ní kí ó dúró di ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ pé "wá a lọ." Ẹ̀gbọ́n mi, kí ọ̀gá tó rí i pé orí ajá yí, kó tó la ẹnu, akọ fẹ́sáǹtì ti dé oko mìíràn. Àwọn ajá tèmi, Shorthair méjì (irú ajá atọ́ka mìíràn), àwọn fúnra wọn ló ń pinnu. Bí ẹyẹ bá rìn, wọ́n á rìn. Bí ẹyẹ bá dúró, wọ́n á dúró. Imú tiwọn ló mọ̀, èmi kò mọ nǹkan kan.

Ọdẹ_Tuntun, ibi tí o ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú pápá náà ṣe kókó, bóyá ju ajá lọ. Mo ti rí ẹni tó gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ pàá, tó ń pariwo pe ajá, tó tún wá ń ṣe kàyéfì pé òun kò rí ẹyẹ. Etí fẹ́sáǹtì mú. Fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́nà jíjìn, rọra ti ilẹ̀kùn, má sọ̀rọ̀. Wọ pápá láti apá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí afẹ́fẹ́ lè gbé òórùn ẹyẹ wá bá imú ajá rẹ. Kí o sì ti ro ibi tí rírìn yín máa parí sí kí o tó gbẹ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ pé oko àgbàdo tí kò tíì kórè ni koríko já sí, gbogbo ẹyẹ á gba ibẹ̀ sá lọ. Bó bá já sí ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ, tí kò sí ewé kan lórí rẹ̀, wọ́n á dé etí rẹ̀, wọ́n á dúró, nítorí kò sí ibi ìsápamọ́ níwájú. Igun pápá, etí kòtò, ibi tí koríko ti ń tín-ín-rín lọ: ibẹ̀ ni ajá atọ́ka ti máa ń rí wọn mú dúró.

Bí ẹ bá pọ̀, ẹnì kan lè lọ dúró sí òpin pápá. Ṣùgbọ́n ẹni méjì àti ajá kan nínú koríko kékeré dùn mọ́ mi ju èèyàn mẹ́wàá nínú oko ńlá lọ.

Ìyá_Ajá

Ẹlẹ́sẹ̀_Pápá, mo gbọ́ ọ. Àwọn ajá rẹ ń kọ́? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?

Ẹlẹ́sẹ̀_Pápá

Ọ̀kan pé mẹ́fà, ọ̀kan pé mẹ́jọ.

Ìyá_Ajá

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ajá ọlọ́dún mẹ́fà tó ti bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyẹ pàdé ti mọ ìwọ̀n tó lè sún mọ́ wọn kí wọ́n má fò. Ẹyẹ ló kọ́ ọ. Ọlọ́dún méjì kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí o bá fún un láyè láti máa pinnu báyìí, á máa rákò díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹta á ti máa fò mọ́ ẹyẹ, ìwọ á sì lo ọdún kan láti tún un kọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni àṣẹ. Bó bá tó àkókò, ìwọ fúnra rẹ á rí i pé o kò sọ ọ́ mọ́, tí ajá sì ń ṣe é. Àwa méjèèjì ń lọ síbì kan náà, ọjọ́ orí ajá ló yà wá sọ́tọ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Ẹ má yìnbọn pa ẹyẹ tí ajá ọ̀dọ́ bá fò mọ́ dìde, ì báà jẹ́ akọ tó sanra jù nínú pápá. Bí ẹ bá pa á, ajá á rò pé fífò mọ́ ẹyẹ ló ń mú kó já bọ́. Èyí tó bá dúró fún nìkan ni kí ẹ yin. Ó ṣòro lóòótọ́, pàápàá bí ẹ bá ti rìn láti àárọ̀. Mo ti ṣe é, kò sí èrè tó jù ú lọ.

Ìwé_Àtijọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ sí i, nítorí mo rí i pé àwọn kan rò pé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹyẹ yìí. Ásíà ni ilé rẹ̀. Owen Denny, tó jẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Shanghai, ló kó wọn ránṣẹ́ láti Ṣáínà sí Oregon. Àwọn tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ní 1881, púpọ̀ ló kú sójú ọ̀nà. Àwọn ti 1882 ló gúnlẹ̀ láàyè tí wọ́n sì pọ̀ sí i. South Dakota ṣí ọdẹ fẹ́sáǹtì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1919, nígbà tó sì di 1943 wọ́n fi ẹyẹ àlejò yìí ṣe ẹyẹ ìpínlẹ̀ wọn.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé irú ajá wa dàgbà ju ìpàdé wa pẹ̀lú ẹyẹ yìí lọ ní ilẹ̀ yẹn. Fún ẹyẹ tó ń lúgọ ni wọ́n ti ń yan àwọn òbí ajá atọ́ka láti ìrandíran. Dídúró tí ajá ń dúró, ìdádúró kékeré tí ẹran ń ṣe kó tó fò mọ́ oúnjẹ ni, tí àwọn àgbà fi yíyan òbí sọ di gígùn. Ẹyẹ tó ń sáré ń béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún un.

Kékeré_Ọdẹ

Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá Àgbà_Alágbẹ̀dẹ, mo ní ìbéèrè. Ibi tí mo ti ń dẹ, òfin kò gba ọta òjé. Èmi náà ní ìbọn àtijọ́ kan, géèjì 12, ti Ìlú Ọba. Ṣé mo lè fi ọta irin sínú rẹ̀?

Àgbà_Alágbẹ̀dẹ

Rárá, ọmọ mi. Òjé rọ̀, bó bá dé ibi tí ẹnu ọ̀pá ti fún, á tẹ̀ díẹ̀, á kọjá. Irin kì í tẹ̀. Nínú ọ̀pá àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ fún gan-an, ó lè yọ òrùka wúùkù síta lára ọ̀pá, ìyẹn kò sì ṣeé tún ṣe dáadáa. Ọta bismuth, mẹ́táàlì kan tó yàtọ̀ sí òjé, ni kí o lò, ó rọ̀ tó. Ṣùgbọ́n wo gígùn katiríìjì rẹ̀ náà: ihò ọ̀pọ̀ géèjì 12 àtijọ́ ti Ìlú Ọba jẹ́ 2½ íǹṣì. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọta mú ọ gbàgbé ọ̀rọ̀ gígùn.

Òfin òjé kò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Denmark fòfin dè é pátápátá ní 1996. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1991 ni wọ́n fòpin sí i jákèjádò fún ẹyẹ omi, ti fẹ́sáǹtì sì wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ka òfin ibi tí o wà kí o tó jáde.

Olùkọ́_Ìyìnbọn

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ẹ ti sọ bí a ṣe ń rí ẹyẹ, kò tíì sí ẹni tó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tó fò àti ìgbà tí ìka fà. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe tó pọ̀ jù.

Àkọ́kọ́, dúró kí o rí àwọ̀ rẹ̀. Ní ibi púpọ̀, akọ nìkan ni òfin gbà kí a pa. Akọ ní òrùka funfun lọ́rùn, ojú pupa, ó sì sábà máa ń ké bó bá ti ń dìde. Abo jọ koríko gbígbẹ. Bí oòrùn bá wà lójú rẹ, akọ àti abo lè dúdú bákan náà. Bí kò bá dá ọ lójú, jẹ́ kó lọ.

Ìkejì, ìrù. Ìrù akọ lè tó ìdajì gígùn ara rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú èèyàn máa ń mú gbogbo gígùn yẹn bí ẹyẹ kan, á yin àárín rẹ̀, àárín yẹn sì ni ìdí ìrù. Wo òrùka funfun yẹn. Orí ni kí o yìn, má yin ẹyẹ.

Ìkẹta kan ìbọn àtijọ́ gan-an. Igi ìdí àwọn ìbọn ayé ọjọ́un sábà máa ń tẹ̀ wálẹ̀ púpọ̀ ju ti òde òní. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ á jókòó nísàlẹ̀, ojú rẹ á rẹlẹ̀, ọta á gba abẹ́ ẹyẹ kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ tó ń dìde ń lọ sókè. Gbé páálí ńlá kan dúró ní ogún mítà, yin ín ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láìfojú wá a púpọ̀, wo ibi tí ọta kó sí. Ó sì ṣeé ṣe kí ìbọn rẹ ní irin méjì tí ìka ń fà. Ti iwájú ló ń yin ọ̀pá ọ̀tún, tí ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, fún ẹyẹ tó súnmọ́. Ti ẹ̀yìn ló ń yin ti òsì, tó fún jù, fún èyí tó ti jìnnà. Fi katiríìjì ìdánwò tí kò ní ẹ̀tù kọ́ ìka rẹ nílé títí yóò fi mọ ọ̀nà láìrò.

Lákòótán ọ̀rọ̀ mi, ajá. Ẹyẹ tó bá fò nílẹ̀-nílẹ̀, má yìn ín láé. Àfi kí o rí ojú ọ̀run lábẹ́ ẹyẹ. Ajá ọ̀dọ́ máa ń fò sókè tẹ̀lé ẹyẹ. Mo mọ ẹni tó pàdánù ajá rẹ̀ báyìí, kò tún dẹ mọ́ láti ìgbà náà.

Ọdẹ_Tuntun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo pa dà wá jábọ̀.

Alágbẹ̀dẹ wọn ihò ìbọn: 2 9/16 íǹṣì, bí Bàbá ṣe sọ gẹ́lẹ́. Ọ̀pá rẹ̀ dára, ògiri rẹ̀ nípọn, ó ń dún bí agogo. Ṣùgbọ́n ó fi nǹkan hàn mí lẹ́yìn ibi tí irin ti pàdé igi: ìlà tín-ín-rín kan, bí irun orí. Igi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. Kò lè sọ bóyá katiríìjì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tèmi ló fà á tàbí ó ti wà níbẹ̀. Mo kàn ń wò ó. Ìbọn tí bàbá àgbà ìyàwó mi fi ọwọ́ tọ́jú. Ó ti fi àtè dè é báyìí, ó ní ó le. Katiríìjì 2½ íǹṣì ni mo ń lò, áúnsì kan, ọta òjé nọ́ńbà 6. Kò ta mí mọ́ rárá.

Àárọ̀ àná ni a jáde, èmi àti Tanímọ̀la nìkan. Ìrì dídì díẹ̀ wà lórí koríko, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti àríwá. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. A rìn bíi wákàtí kan kó tó dúró ní etí kòtò. Mo wò ó. Orí rẹ̀ yí. Mo sọ pé "wá a lọ," ó rìn bí ogójì ìṣísẹ̀, ó dúró, orí tún yí. Mo tún sọ ọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ní igun tí koríko ti pàdé ilẹ̀ tí wọ́n kọ, ó dúró, ẹ ò, ó yàtọ̀. Ẹnu rẹ̀ pa dé. Ẹsẹ̀ iwájú kan wà lókè, kò gbé e sílẹ̀. Mo yí po láti ọwọ́ ọ̀tún, mo kọjú sí i, àyà mi ń lù débi pé mo ń gbọ́ ọ.

Akọ náà dìde láàárín wa pẹ̀lú igbe. Mo jẹ́ kó ga. Mo fa irin iwájú, ọta gba abẹ́ rẹ̀ lọ bí Olùkọ́ ṣe sọ. Mo gbé ojú sí òrùka ọrùn rẹ̀, mo fa ti ẹ̀yìn. Ó já bọ́, ṣùgbọ́n ìyẹ́ kan ṣoṣo ló kán. Nígbà tí a fi máa dé ibi tó já sí, ìyẹ́ wẹ́wẹ́ la bá nílẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Tanímọ̀la fi imú lélẹ̀, ó gba inú kòtò lọ, n kò rí i mọ́. Ó pẹ́. Mo dúró lójú kan, n kò pè é. Nígbà tó jáde, ó tó àádọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sí ibi tí mo wà, ó gbé akọ náà sẹ́nu láàyè. Mo yára pa á kó má jìyà. Ẹ̀gún ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó mú ṣóńṣó, kì í ṣe ọmọ ọdún yìí. Àgbàlagbà ẹyẹ ni, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. N kò fi í tọ ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún dúró fún abo kan, dídúró tó dáa jọjọ. Abo fò, n kò yìn ín, ó sì bojú wẹ̀yìn wò mí. Ṣé ìyẹn kò ní mú kó rẹ̀wẹ̀sì?

Ìyá_Ajá

Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ibi tó ti gbé e jáde láti inú kòtò. O káre láé, Tanímọ̀la.

Kò ní rẹ̀wẹ̀sì. Rìn lọ bá a níbi tó dúró sí, fọwọ́ pa á lára, sọ fún un pé ó káre bí ìgbà tó gbé akọ wá, kí ẹ tó máa lọ. Ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pé. Kó tó sùn lálẹ́, yẹ àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, yẹ inú etí àti abẹ́ apá. Èso koríko tó ní ẹ̀gún máa ń wọ ibẹ̀, a kì í rí i títí yóò fi wú.

Àgbà_Alágbẹ̀dẹ

O káre, ọmọ mi. Ìrì dídì lo sọ yẹn, àbí? Ìbọn náà ti tutù kó tó wọnú ilé tó móoru. Omi á ti sàn sí i lára, pàápàá lábẹ́ igi iwájú. Ṣé o ti yọ ọ́ nù?

Ọdẹ_Tuntun

Ìta ni mo nù, Bàbá, n kò yọ igi iwájú. Mo ti dìde, mo ń lọ yọ ọ́ báyìí.